Abala Ti Pé, Ó Ku Ká Rán An Pọ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Kúbùsù Olówùú

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn dá lé. Àwọn èèyàn ti hun abala onígun mẹ́rin jọ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó wá ku bí wọ́n á ṣe sọ ọ́ di kúbùsù, ibẹ̀ lọwọ́ wọn ti dúró. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ojú ewé mẹ́ta, ẹ má bínú, mo ti gé e kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àwa mẹ́jọ níbi iṣẹ́ la ní ká hun kúbùsù fún ọ̀gá wa tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kálukú abala mẹ́fà, sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú lóròó. Òwú kan náà la rà, abẹ́rẹ́ ìhun kan náà. Abala 48 ti pé lọ́wọ́ mi báyìí ṣùgbọ́n ti àwọn kan ò ju 18 lọ, ti àwọn kan 22, ti ẹnì kan tiẹ̀ gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Tí mo bá dá a padà fún wọn ìjà ni, tí mo bá sì rán an bẹ́ẹ̀ á wọ́. Kí ni kí n ṣe? — Alákòóso Tipátipá

Ẹ má dá ẹyọ kan padà o. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè gbé òwú kan náà àti abẹ́rẹ́ kan náà fún èèyàn mẹ́jọ, ọwọ́ wọn ò lè dọ́gba, ẹnì kan á máa fa òwú le, ojú ìhun ẹ̀ á sún mọ́ra, ẹlòmíì á máa dẹ ọwọ́, tiẹ̀ á fẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbi tí ọwọ́ bá ti pọ̀ nídìí iṣẹ́ kan.

Kẹ́ ẹ tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ rárá, ẹ tẹ́ gbogbo wọn síbi tó tẹ́jú, ẹ má nà wọ́n, ẹ fi téèpù wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sórí bébà kékeré kẹ́ ẹ fi píìnì há a mọ́ ọn. Ẹ máa rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí, kékeré, àárín àti ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo ibí yìí kọjá torí kò jọ iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni kúbùsù ti ń bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ wúùlù, ìyẹn òwú onírun àgùntàn, lẹ lò, orí bá yín ṣe é, torí wúùlù máa ń gbọ́ràn tí omi bá ti kàn án. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ má lọ́ ọ, inú táwẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ ká a sí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù kẹ́ ẹ fi píìnì tí kì í dógùn-ún kàn án mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú, àárín etí wá tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ títí á fi gbẹ dénú. Abala tó jẹ́ 18 lè di 19 báyìí láìsí wàhálà, èyí tó jẹ́ 20 á di 21. Àkírílíìkì, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Omi nìkan ò mú un, tó bá gbẹ tán á súnkì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ooru omi ló ń mú un: ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru sókè orí ẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ooru yẹn máa fẹ́ sí i lára, àmọ́ irin ò gbọ́dọ̀ kàn án o! Tí irin bá kàn án, á dẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe tó máa padà bó ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹyọ kan, èyí tó burú jù nínú wọn.

Ó wá kan ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa mú. Ẹ̀yin á ní 20, torí 20 lẹ fẹnu kò lé. Èmi ò ní mú 20. Ó rọrùn kéèyàn fi kún nǹkan ju kó dín in kù lọ, èyí tó ti jẹ́ 22 yẹn ò sì ní di 20 àfi tẹ́ ẹ bá tú u. Torí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn kékeré gòkè lọ bá ńlá. Ẹ wá òwú aláwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ fi kíróṣè, ìyẹn ìhun tí wọ́n ń fi ìkọ́ kan ṣoṣo ṣe, yí etí gbogbo abala ká. Pẹ̀lú òwú tí kò nípọn jù, ìyípo kan máa ń fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé abala yẹn á fi sẹ̀ǹtímítà 1 fẹ̀ sí i, á fi 1 gùn sí i. Èyí tó jẹ́ 22, ẹ fún un ní ìyípo kan. Èyí tó ti di 21, méjì. Èyí tó ti di 19, mẹ́rin. Gbogbo wọn á pàdé ní 23. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àtúnṣe lẹ ṣe, torí kò sí abala kan tí kò ní etí yẹn, àwọn kan kàn ní in ju àwọn kan lọ ni, ẹni tó bá rí i á sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ọgbọ́n yìí ni pé, ní ìyípo tó kẹ́yìn, ẹ lè ka ojú kíróṣè yín kó dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ gbogbo abala. Ká ní 36 lẹ mú, kó jẹ́ 36 níbi gbogbo, ojú mẹ́ta nínú igun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí igun má bàa ká. Tó bá wá di ìgbà ìránpọ̀, ojú kan sí ojú kan ni, ẹ ò ní máa dọ́gbọ́n fa èyí, fún tọ̀hún. Ẹni tó bá ti rán abala tí etí wọn ò bára mu rí máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti ẹni tí tiẹ̀ gùn yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye ìlà tí wọ́n sọ fún un ló kà láìwo téèpù. Tó bá jẹ́ ìhun tó ní ebè wẹ́wẹ́ lójú méjèèjì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní gátà, ebè kan fún ojú kan ló máa ń sún mọ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, bí ojú bá jẹ́ 40, ebè 40, ìlà 80 nìyẹn. Ẹ wá ibi tó ti pa ìdí ẹ̀ dé, ẹ tú u, ẹ tú ìlà tó lé, kẹ́ ẹ tún un pa dé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó èèyàn jọ báyìí, ẹ ní kí wọ́n hun ún láti igun kan: kí wọ́n fi ojú méjì tàbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi ojú kan kún un níbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlà, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá wọn 20 kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in. Ìyẹn fúnra ẹ̀ ló máa ń dọ́gba, ọwọ́ yòówù kẹ́ni náà ní. Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ má lo onígun mẹ́rin tó dọ́gba rárá. Ẹgbẹ́ Warm Up America tí Evie Rosen dá sílẹ̀ ní 1991 ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 7 sí ínǹṣì 9 ni abala tiwọn, 49 irú ẹ̀ ló ń di odidi kúbùsù kan. Gígùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kó ṣáà jẹ́ pé gbogbo wọn ló gùn bákan náà.

Àǹtí mi, ọ̀rẹ́ mi ní kíróṣè ni kí n fi so abala mi pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kò sóhun tó dà bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Àwọn méjèèjì ò gbà fúnra wọn, èmi ni mo wà láàárín. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Àárín Méjì

Àwọn méjèèjì ló gbọ́n, ohun tí wọ́n fẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kí ojú ìránpọ̀ má hàn, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ kó yá kó sì lágbára.

Tí etí abala yín bá ṣì jẹ́ ìhun abẹ́rẹ́ lásán, tí kò ní etí kíróṣè, tí ojú kan ń dán tí ẹ̀yìn ní ebè, ti ẹ̀gbọ́n yín ni mo wà. Ẹ kọ ojú tó dára sókè, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ ò mú wọ abẹ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ojú àkọ́kọ́ àti ojú kejì ní etí abala kan, ẹ lọ mú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní abala kejì, ẹ máa lọ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ láìfà á, tó bá tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kẹ́ ẹ wá rọra fa òwú náà, ẹ máa rí i tí abala méjèèjì pa pọ̀ tí ojú ìránpọ̀ pòórá. Ó dùn ún wò débi pé èèyàn á fẹ́ tú u kó tún un ṣe. Fún gátà, orí ebè lẹ máa mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ ebè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á wọnú ara wọn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi kíróṣè yí etí ká bí mo ṣe sọ fún Alákòóso lókè, ti ọ̀rẹ́ yín ló kù, ẹ kọjú méjèèjì síra, ẹ ki ìkọ́ bọ ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á ní òkè díẹ̀ lẹ́yìn, tàbí níwájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó hàn bí ọ̀ṣọ́. Ó máa ń jẹ òwú o, ó ju ti abẹ́rẹ́ lọ dáadáa, torí náà ẹ ra òwú tó máa tó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ kan náà tẹ́ ẹ bá tún lọ rà lẹ́yìn ọ̀la lè má bá ti tẹ́lẹ̀ mu tí kì í bá ṣe inú aró kan náà ni wọ́n ti pa á. Ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti gbé abala kan sódì, ẹ fà á, ó tú. Ti abẹ́rẹ́, sísọ́s lẹ máa mú, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má gé ìhun gan-an.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má so abala kan mọ́ ìkejì lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri. Ẹ kọ́kọ́ so gbogbo ojú ìránpọ̀ tó lọ níbùú, láti etí dé etí, ẹ má gé òwú tẹ́ ẹ bá dé igun, ẹ fò ó sọdá sí abala tó kàn. Tí ìyẹn bá parí, ẹ wá yí kúbùsù padà kẹ́ ẹ so èyí tó lọ lóròó. Ẹ mú kúbùsù Alákòóso bí àpẹẹrẹ, abala 48, mẹ́fà níbùú, mẹ́jọ lóròó, ọ̀kọ̀ọ̀kan 23. Tẹ́ ẹ bá ń so ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ 82 lẹ máa bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ máa parí, ìdí òwú tẹ́ ẹ máa fi pamọ́ á lé ní 160. Tẹ́ ẹ bá lo ọ̀nà tí mo sọ yìí, ìlà méje níbùú àti márùn-ún lóròó ni, méjìlá péré. Gígùn ojú ìránpọ̀ ò dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 19 bó ti wù kó rí, àmọ́ wàhálà ẹ̀ dín kù gan-an.

Òwú tẹ́ ẹ máa fi rán an, ẹ má jẹ́ kó gùn ju apá yín lọ tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, torí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde ló ń họ. Òwú tí wọn ò lọ́ dáadáa, tó kàn rí bùkẹ̀bùkẹ̀, máa já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá èyí tó lọ́ le tí àwọ̀ ẹ̀ bá a mu.

Níbi tí igun mẹ́rin ti pàdé, ihò kan wà níbẹ̀ tí ìka mi ń wọ̀. Mo ti fà á títí, ó kàn ń súnkì ni. — Onígun Mẹ́rin

Ẹ má fà á mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fò láti abala kan sí ìkejì, inú ojú tó wà ní ṣóńṣó igun gan-an ni kẹ́ ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Tí ìlà kejì bá wá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ mú ojú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ lo ìrù òwú tó kù níbẹ̀, ẹ gba ẹ̀yìn yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á díẹ̀, kó kàn pa ẹnu dé.

Àwọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú tèmi, mo tò ó, mo tú u, mo tún un tò, ọkọ mi ti ní òun ò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí nínú ilé. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti dáa? — Iyàwó Olówùú

Ẹ kí ọkọ yín fún mi. Ẹ tò ó sílẹ̀, ẹ gun àga, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ láti òkè, kẹ́ ẹ wá sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Àwọ̀ ò ní tan ojú yín jẹ mọ́, ẹ máa rí ibi tí èyí tó dúdú kó jọ sí, ibẹ̀ lojú èèyàn á máa lọ ní gbogbo ìgbà tó bá wo kúbùsù náà. Ẹ tú wọn ká, kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀kan nínú wọn wà nítòsí igun kọ̀ọ̀kan, kó má bàa wúwo sápá kan. Ó tán. Ẹ má tún un tò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní parí ẹ̀ láyé.

Ẹ kọ nọ́ńbà sórí bébà, ìlà kìíní abala kìíní, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ há a mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kó ìlà kọ̀ọ̀kan jọ lọ́tọ̀. Ilé á gbà yín padà.

Ẹ̀yin lẹ ní ká má so kókó sídìí òwú. Èmi ń so kókó láti ìgbà tí mo ti ń hun aṣọ, kò sí èyí tó tú. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ fi iṣẹ́ pa wá ni? — Ọmọ Kókó

Hà! Rárá o. Kókó lè má tú lára súwẹ́tà tí ẹ ń fi ọwọ́ fọ̀. Kúbùsù lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ń fà á, wọ́n ń jókòó lé e, máṣíìnì ń yí i, ojú méjèèjì ẹ̀ ló sì ń kan ara. Kókó tẹ́ ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn á gba àárín ojú ìhun yọ síwájú lọ́jọ́ kan, tó bá sì jẹ́ òwú tó ń yọ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa yọ pátápátá. Ẹ fi ìrù sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, ẹ ki í bọ inú ìhun lọ sí ọ̀nà kan, ẹ yí padà, ẹ tún yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i fún òwú tó ń yọ̀. Ẹ má gé e mọ́ra títí ẹ ó fi fọ kúbùsù náà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ so kókó lẹ́yìn gbogbo èyí, èmi ò mú yín o, kúbùsù yín ni.

Bébì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń hun tèmi fún. Ṣé dandan ni kí n fi aṣọ bò ó lẹ́yìn? Mo sì po wúùlù mọ́ àkírílíìkì nínú ẹ̀, pupa wà níbẹ̀. — Àǹtí Bébì

Kò dandan, mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Ìhun máa ń nà, aṣọ tẹ́ ẹ rán mọ́ ọn ò ní nà tó o, tó bá yá á máa wú láàárín. Ó tún máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àfi tí ìhun náà bá ní ihò tí ìka ọmọ lè há sí, ìgbà yẹn ẹ fọ aṣọ náà ṣáájú kó súnkì tán kẹ́ ẹ tó rán an mọ́ ọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àwọn dókítà ọmọdé ní ká má fi kúbùsù tó dá wà sílẹ̀ níbi tó ń sùn, torí náà orí ilẹ̀ tó ti ń ṣeré ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, tàbí orí ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá gbé e jókòó.

Ti fífọ̀, èyí tó bá gbẹgẹ́ jù nínú òwú yín lẹ máa tẹ̀ lé. Tí wọn ò bá kọ ọ́ sára wúùlù yẹn pé ó ṣeé fi máṣíìnì fọ̀, ọwọ́ lẹ máa fi fọ gbogbo ẹ̀, omi tútù. Omi gbígbóná àti rírún ló ń mú kó dì, abala wúùlù á kéré, ti àkírílíìkì á wà bó ṣe wà, gbogbo ìwọ̀n tẹ́ ẹ wọ̀n á ti já sásán. Ní ti pupa, ẹ tẹ aṣọ funfun tó tutù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó rán an. Tí aṣọ bá pọ́n, ẹ fọ abala pupa nìkan títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Tí omi ò bá mọ́ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ hun òmíràn.

Mo ti parí o! Àmọ́ etí tí mo fi yí i ká ń ṣe wẹ́yẹwẹ̀yẹ, ẹ̀gbẹ́ kan sì wà tó ń ká wọlé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. — Etí Ò Gbọ́

Ẹ kú oríire, ìyókù ò le. Ẹ̀gbẹ́ tó ń jó yẹn, ojú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó ń ká wọlé, ojú ẹ̀ kéré jù. Lára gátà, ojú kan fún ebè kan ni kẹ́ ẹ mú. Lára ìhun tó ń dán, níbi tí ìlà ti dáwọ́ sí ní ẹ̀gbẹ́, ojú mẹ́ta fún ìlà mẹ́rin. Níbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti pa á dé, ojú kan fún ojú kan. Nínú igun, mẹ́ta. Nítorí pé abala yín kọjú sí ibi tó yàtọ̀ síra, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ lo iye kan náà yí gbogbo ẹ̀ ká ló fà á.

Ẹ tú ìyípo náà dé àkọ́kọ́, torí tí àkọ́kọ́ bá ti wọ́, èyí tẹ́ ẹ bá kó lé e lórí á kàn máa wọ́ sí i ni. Kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi píìnì pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ ka iye ojú tó wà láàárín píìnì àti píìnì, kí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra ní iye kan náà. Ìyípo méjì sí mẹ́ta ti tó. Tó bá ṣì ń jó díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú ìkọ́ tó kéré sí i kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun mọ́.